Oko Òdòdó Ọ̀nà Aradagun

Ẹni tó bá mọ̀ mí láti kékeré mọ̀ pé ẹnu mi kì í dákẹ́, inú mi sì máa ń tètè ru. Ìyá mi a máa sọ pé omi ata ni wọ́n fi wẹ̀ mí lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nígbà tí ọkọ mi wà láyé. Ó ti lọ báyìí, àwọn àgbà ilé rẹ̀ náà ti lọ tán. Ẹni tó bá fẹ́ bínú, kó máa bínú.

Ayé òyìnbó la wà nígbà náà. Badagry ni ilé ọkọ mi wà. Ọmọ mi àkọ́kọ́, obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, gìrì mú un láàárọ̀ Sátidé tó ṣáájú Ọjọ́ Àìkú Ọ̀pẹ. Kó tó di ọ̀sán, ó ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ ò ní gbọ́ bó ṣe rí lẹ́nu mi. Àwọn obìnrin dì mí mú nínú yàrá, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi sì gbé e gba ẹ̀yìnkùlé jáde.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wa nìyẹn. Òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. Wọ́n ní ìyá tó bá mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ sùn sí, ọkàn rẹ̀ ò ní kúrò níbẹ̀, inú rẹ̀ ò sì ní ṣí fún òmíràn. Wọn ò gbọdọ̀ sọ fún mi, èmi náà ò gbọdọ̀ bèèrè. Gbogbo ẹni tó wọlé ló ń wí pé, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Ká ní mo lágbára ni, mi ò bá gbá ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yẹn létí. Èmi ni agbè, àbí? Ta ló bi agbè léèrè bó ṣe rí lára rẹ̀?

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo wá ìró mi kan, mi ò rí i. Àwọ̀ ewé ni, ó ní ẹyẹ funfun lára. Òun ni mo fi ń pọn ọmọ náà. Mo fẹ́ gbé e sójú kí n lè gbóòórùn ọmọ mi lára rẹ̀ ni o, kì í ṣe pé mo fẹ́ ró o lọ síbì kankan. Ẹnìkan sọ fún mi pé òun rí àbúrò ọkọ mi obìnrin tó ń jáde nínú yàrá mi lọ́jọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀. Háà! Mo yọ sí i lójú agbo ilé. Mo pè é lólè. Mo ní olè tó jalè lójú òkú, ẹ̀kúté sàn jù ú. Ìyàwó ilé kì í bú ọmọ ilé báyẹn, mo mọ̀, ṣùgbọ́n mo bú u. Ilẹ̀ ló ń wò títí ó fi rẹ̀ mí. Láti ọjọ́ yẹn, èmi àti ẹ̀ ò bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́.

Nígbà tí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ń bọ̀, ìyàwó àlùfáà ní kí àwa ìyá ìjọ gbin òdòdó yí ilé Ọlọ́run ká. Ó ní ìdílé kan wà ní ọ̀nà Aradagun, òdòdó nìkan ni wọ́n ń gbìn, àwọn ló ń kó o lọ sílé ajẹ́lẹ̀. Wọ́n ti gbà láti mú wa yí oko ká kí wọ́n sì kọ́ wa. A ò ju mẹ́sàn-án lọ tí a wọ bọ́lẹ̀kájà lọ. Ọ̀kan nínú wa ní, "Oko òdòdó kẹ̀? Ṣé òun ni wọ́n fi ń se ọbẹ̀ ni?" Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì yà mí lẹ́nu pé mo ṣì lè rẹ́rìn-ín.

Bàbá tó ni oko ti ṣe ọlọ́gbà fún òyìnbó kan l'Ékòó rí. Òun, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Ọmọbìnrin wọn àgbà ni wọ́n ní kó mú wa yí ká, torí òun ni Yorùbá rẹ̀ já gaara jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ègùn ò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó fi hàn wá bí wọ́n ṣe ń to èèpo àgbọn sídìí òdòdó, torí pé iyanrìn ilẹ̀ wa kì í mú omi dúró. Ó ní omi tí wọ́n fi fọ ẹja ni wọ́n ń bù sí i, òun ló ń jẹ́ kí òdòdó pọ́n. Ó ní kí oòrùn tó là ni kí á máa gé e, kí á sì ki ìdí rẹ̀ bọ iyanrìn tútù kó má bàa rọ. Ìdò pupa wà níbẹ̀, lílì funfun náà wà. Àwọn tó bá mi wá ń pariwo bí ọmọdé.

Ní igun oko tó kọjú sí ọ̀sà, igi òdòdó kékeré kan dá dúró. Funfun ni, àárín rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ọ̀kan nínú wa nawọ́ sí i.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án, ìyá," ọmọbìnrin náà ní. "Ti ovi kan nìyẹn."

Ọmọ ni wọ́n ń pè ní ovi lédè wọn. Ìyàwó àlùfáà bi í pé, "Ọmọ ta ni?"

"A ò mọ̀ wọ́n. Badagry ni wọ́n ti wá. Imọ̀ ọ̀pẹ là ń gé fún ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà tí ọkùnrin kan gbé e dé. Ìka méjì ò sí lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Ó bẹ bàbá mi pé kí wọ́n fún òun láyè nítòsí òdòdó, ó ní ọmọ náà fẹ́ràn òdòdó. Ọkùnrin ńlá yẹn sunkún, ẹ̀yin ìyá! Aṣọ ìyá rẹ̀ ni wọ́n fi wé e, ó ní ẹyẹ funfun lára. Ó ní àǹtí ọmọ náà ló yọ́ mú un nínú yàrá, kí ọmọ má lọ sùn láìgbóòórùn ìyá rẹ̀."

Okùn àwọ̀n ló gé ìka ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, gbogbo ọ̀sà ló mọ̀ ọ́n. Mo di igi mú. Bí mo bá lọgun, wọ́n á mọ̀ pé mo ti mọ̀, ọ̀rọ̀ á dé ilé, wọn ò sì ní jẹ́ kí n débẹ̀ mọ́ láéláé. Mo gé ètè mi jẹ títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde. Nígbà tí ìyàwó àlùfáà bi mí ohun tó ṣe mí, mo ní oòrùn ni.

Bí mo ṣe délé, ọ̀dọ̀ àbúrò ọkọ mi ni mo lọ tààrà. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ dárí jì mí. Mo ti rí aṣọ náà."

"Níbo?" ló bi mí.

Mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ó sì bú sẹ́kún. Oṣù mélòó ló fi jẹ́ olè lójú gbogbo ilé nítorí mi! Ojú tì mí débi pé mi ò lè dìde.

Mo wá di olùfẹ́ òdòdó. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni mo ń lọ ra òdòdó ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ń yìn mí nínú ìjọ pé mo nítara. Mo máa ń dúró níbi igi yẹn, màá máa sọ ìròyìn ilé fún ọmọ mi: adìyẹ tó pamọ, ẹni tó gbéyàwó, bàbá rẹ̀ tí kò jẹun dáadáa. Ó rọ̀ mí lọ́kàn, èmi ò ní purọ́. Lọ́jọ́ kan, mo kúnlẹ̀, mo fi orí kan ilẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, ọmọbìnrin náà dúró lẹ́yìn mi, ó ti mọ̀ pé èmi ni ìyá ọmọ náà. Mo bẹ̀ ẹ́ kó bò mí láṣìírí. Kò lè bò ó, ó lọ sọ fún bàbá rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á pé kí nǹkan má ṣe mí nínú oko bàbá òun.

Nígbà tí mo padà lọ, igi náà ò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ti kọ ebè tuntun sí gbogbo igun náà, wọ́n gbin ìdò sí i láti ìkángun kan dé èkejì, ọ̀kan ò yàtọ̀ sí ìkejì. Bàbá jókòó sórí àpótí, ó ń retí mi.

"Ọmọ mi," ó ní, "má bínú. Mo ti búra fún ọkùnrin tó gbé e wá pé kò sẹ́ni tó máa fi ẹnu sọ ibẹ̀ fún ìyá ọmọ náà nílé yìí. Ìyàwó tèmi náà sin ọmọ méjì, títí dòní kò mọ ibẹ̀. Ó sì tún bímọ. Ìwọ náà á bímọ."

Mo fẹ́ bú u. Dípò ìyẹn, mo rìn wọ àárín ìdò náà, mo bọ́ bàtà mi, mo sì dúró gbagidi. Mi ò lè gbẹ́sẹ̀, mi ò mọ ibi tí mo lè tẹ̀ tí kò ní jẹ́ orí ọmọ mi. Ibẹ̀ ni mo ti wá sun ẹkún tí mo ti gbé mì láti ọjọ́ Sátidé yẹn.

Ọmọbìnrin náà wọlé wá, ó di ọwọ́ mi mú. Bàbá rẹ̀ ń wò wá.

"Ẹ máa tẹ̀ lé mi," ó ní. "Ibi tí mo bá tẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀."

A rìn tààrà láàárín ìdò. Nígbà tí a dé ibì kan, ibi tí ilẹ̀ rẹ̀ ò yàtọ̀ sí ilẹ̀ yòókù, ó dẹsẹ̀ dúró, ó fún ọwọ́ mi pọ̀, ó sì yà yí i ká. Èmi náà yà yí i ká. Mi ò wẹ̀yìn, kí bàbá má bàa fura.