Ẹran Iléyá Tí Mo Dá Padà

Ọ̀rẹ́ mi, tí o bá wọ ilé bàbá mi ní Ìsọlọ̀ lọ́sàn-án Iléyá, òórùn ẹran àgbò tí wọ́n ń dín ni yóò kọ́kọ́ kí ọ, òórùn àńkárá tuntun yóò sì tẹ̀ lé e, nítorí ará Ìṣẹ́yìn tó ń ta aṣọ ní ọjà Aswani ni bàbá mi, pálọ̀ wa ló sì fi ṣe sítọ́ọ̀. Mùsùlùmí paraku ni. Nígbà tí mo di onígbàgbọ́, ó ní kí n ṣáà má purọ́, kí n má jalè. Gbogbo Iléyá ló ń bu ẹran itan sọ́tọ̀ fún mi.

Mo wá wọ ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì kan ní Èjìgbò. Ọdún àkọ́kọ́ ni mo wà, n kò tíì mọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ìgbéraga ti ń gùn mí. Nígbà tí Iléyá ọdún náà dé, mo gbé abọ́ ẹran náà padà síwájú bàbá mi lójú àlejò, mo ní, "Bàbá, mi ò lè jẹ ẹbọ òrìṣà." Òrìṣà! Ẹni tó ń kírun lẹ́ẹ̀marùn-ún lóòjọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún. "Ó ti tó," ló wí. Ayọ̀ ni mo fi lọ sílé tèmi. Bí mo bá rántí ayọ̀ yẹn báyìí, ara mi máa ń kó mi nírìíra. Láti ọjọ́ náà, kò bu ẹran fún mi mọ́.

Lọ́dún kẹta, olùkọ́ wa kan, obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín, ní ká ka ọ̀rọ̀ ẹran ẹbọ inú Bíbélì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ká yéé já ẹsẹ kan mú sáré bí ajá tó jí egungun. Mo bá a jiyàn títí ohùn mi fi há. Mo ní bàbá mi kò mọ Ọlọ́run. Ó ní, "Ta ló kọ́kọ́ sọ fún ẹ pé Ọlọ́run wà?" Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi kórìíra obìnrin yẹn, nítorí bàbá mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi.

Nígbà tí Iléyá tún dé, mo lọ tọrọ àforíjì. Ẹyin lohùn, mo mọ̀, síbẹ̀ mo lọ. Àwọn tó ń tọrọ ẹran ti tò sẹ́nu géètì, bàbá mi ń pín in fún wọn nínú ọ̀rá. Bí mo ṣe fẹ́ kọjá sínú ilé, ó na ọ̀rá kan sí mi.

"Pásítọ̀, ẹ gbà."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n wọlé."

"Àwọn èèyàn wà lẹ́yìn yín," ló wí, ó sì nawọ́ sí ẹni tó kàn.

Mo gbà á. Mo sè é nílé, mo jẹ ẹ́ tán tẹkúntẹkún. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ilé ẹ̀kọ́ yẹn yí ojú tí mo fi ń wo ayé padà. Ẹ̀ẹ̀kíní nìkan ni bàbá mi rí.