Ọkọ̀ Aláwọ̀ Ọrùn Ẹyẹlé

Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n dáadáa máa ń rò pé atatẹ́tẹ́ ni, nítorí pé Baba Káàdì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Káàdì tirẹ̀ kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú tẹ́tẹ́. Páálí kékeré ni, tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, tí ihò wà láàrín rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ tó ti tẹ̀ wá sí ibi iṣẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ti lu ara rẹ̀ tán tó ku kí wọ́n kùn ún, Baba Káàdì á po ọ̀dà díẹ̀, á fín in sára káàdì, á jẹ́ kó gbẹ, á wá gbé káàdì náà lé ibi tí ọ̀dà àtijọ́ ṣì wà lára ọkọ̀. Bí àwọ̀ káàdì bá bá èyí tó yọjú láti inú ihò mu débi pé ojú ò rí etí ihò mọ́, ọ̀dà jinná nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa ń wò ó: láàárọ̀ lábẹ́ ìbòòji, lọ́sàn-án gangan nínú oòrùn, àti nírọ̀lẹ́ lábẹ́ gílóòbù. Èyí tó bá yege lẹ́ẹ̀mejì tó kùnà lẹ́ẹ̀kan, dídà ló ń dà á nù.

"Àwọ̀ tó bá parọ́ lẹ́ẹ̀kan," ló máa ń wí, "á tún pa á."

Kó tó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ó ti ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́sàn-án ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ asáré, irú ọkọ̀ tó rẹlẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ológbò tó fẹ́ fò mọ́ eku, tí kì í gbà ju ẹni méjì lọ. Pupa, funfun àti dúdú ni wọ́n sábà máa ń kùn wọ́n. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà pé ogójì ọdún, àwọn ọ̀gá ní àwọn máa ṣe ogójì ọkọ̀ àkànṣe tí irú rẹ̀ ò ní sí mọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀ tí wọ́n kọ sára irin pẹlẹbẹ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Wọ́n wá àwọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì kùn rí fún wọn. Nínú ìwé ilé iṣẹ́, nọ́ńbà lásán ni wọ́n fi pe àwọ̀ náà. Àwọn tó ń kùn ún ló sọ ọ́ ní Ọrùn Ẹyẹlé. Bí ẹyẹlé bá ń ṣa ọkà kiri nínú oòrùn, ọrùn rẹ̀ á kọ́kọ́ dà bí ewé. Bó bá yí orí díẹ̀, á di àlùkò. Bó bá tún yí i, á di aró. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní kí àwọ̀ ọkọ̀ náà máa ṣe. Ìpele mẹ́ta ni: dúdú tó ní aró nínú nísàlẹ̀, ìyẹ̀fun tó ń kọ mànà tí wọ́n lọ̀ mọ́ ọ̀dà àwọ̀ ewé láàrín, ọ̀dà tó mọ́ gaara bí omi lókè. Baba Káàdì, tó jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà náà, ló fín ìpele àárín sára gbogbo ogójì, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n.

Ṣùgbọ́n kò rí ọ̀kankan nínú wọn nínú oòrùn. Yàrá tí wọ́n ti ń kùn wọ́n ò ní fèrèsé. Bí ọkọ̀ kan bá ti gbẹ, wọ́n á fi aṣọ bò ó, wọ́n á tì í sínú ọkọ̀ akẹ́rù lábẹ́ òrùlé, kí ará ìta má baà rí i ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n máa fi hàn. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí aṣọ lórí wọn níwájú àwọn èèyàn ńlá, Baba Káàdì wà nínú yàrá tí kò ní fèrèsé yẹn, ó ń kun ọkọ̀ funfun. Ọdún kẹta lẹ́yìn rẹ̀, ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé.

Ó rí àwòrán ọkọ̀ náà nínú ìwé ìròyìn. Ó ní kéèyàn máa wo àwọ̀ yẹn nínú àwòrán dà bí kéèyàn máa gbọ́ òórùn ọbẹ̀ nínú lẹ́tà. Fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, bí ọkọ̀ asáré kan bá bú ramúramù kọjá lójú títì, á ju ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, á sáré síta, á sì padà wọlé jẹ́jẹ́.

Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ jọ pín ògiri kan pẹ̀lú tọkọ rẹ̀, á kígbe láti ìdí ẹ̀rọ: "Ṣé orogún mi ló dé?"

"Rárá."

"Ó mà pẹ́ lọ́nà o. Ṣé kò rí ọkọ̀ wọ̀ ni?"

Ní ọjọ́ Ajé kan lásìkò òjò, ọkọ̀ tó ń gbé ọkọ̀ tó bàjẹ́ dé nírọ̀lẹ́, nǹkan tó rẹlẹ̀ kan wà lẹ́yìn rẹ̀ lábẹ́ tapólì. Obìnrin kan bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú bàtà ẹlẹ́rẹ̀ àti ọ̀pá ìwọnlẹ̀ lábẹ́ abíyá. Awọnlẹ̀ ni.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Baba. Akunkọ̀ méjì ló ti lé mi. Wọ́n ní ẹ̀yin ló kù."

Wọ́n ti ọkọ̀ náà wọ abẹ́ òrùlé, ó sì fa tapólì kúrò. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ló fi ẹ̀yìn rìn lu ilẹ̀kùn òsì rẹ̀. Wọ́n ti fi tuntun tí kò ní ọ̀dà kankan rọ́pò rẹ̀. Baba Káàdì ò wo ilẹ̀kùn. Ó tẹ̀ kalẹ̀, ó fi àtàǹpàkò nu irin pẹlẹbẹ tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn kejì. Kẹtàdínlógún nínú ogójì.

"Ta ló ni ín?" Ohùn rẹ̀ ti yí.

"Bàbá mi tó dolóògbé ni. Èmi ni mo jogún ẹ̀. Mò ń kó lọ sílùú mìíràn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, òun ni mo sì máa wà lọ. Baba, tí kò bá ṣeé bá mu, ẹ kun gbogbo ẹ̀ dúdú, kó tán síbẹ̀. Mi ò lè máa gun ọkọ̀ aláwọ̀ méjì kiri bí ọ̀gà."

"Dúdú kẹ̀?"

"Dúdú kirikiri. Ọjọ́ Ẹtì ni mo máa padà wá wò ó."

Kò sí ẹni tó kùn ún tó máa fẹ́ gbọ́ bẹ́ẹ̀. Baba Káàdì ò sì fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ pa ohun tó ti ń retí láti gbogbo ọdún yìí wá. Ó ní kó fi sílẹ̀ lọ́wọ́ òun.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, oòrùn là. Ó fọ iwájú ọkọ̀ náà tònítònì, ó tú bíréèkì rẹ̀, ó sì tì í síta fúnra rẹ̀, ó ń mí gúlegúle. Ó yí i ká lẹ́ẹ̀kan. Ó yí i ká lẹ́ẹ̀kejì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó nàró, ó lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì títì. Àwọ̀ ewé ló rí, ewé tó ti fẹ́ rọ. Kò yí padà. Níbi gbogbo tó dúró sí, ewé ni.

Ó jókòó sórí agolo ọ̀dà. "Ó ti ṣá," ló wí fún ara rẹ̀. Ó jọ pé bàbá ọmọ yẹn máa ń gbé e sínú oòrùn láìbò ó. Àwọ̀ náà ti kú kó tó dé ọ̀dọ̀ òun. Síbẹ̀ iṣẹ́ ni iṣẹ́. Ó po ọ̀dà tó bá èyí tó ṣá mu, ó fín in sára káàdì, ó gbé káàdì lé bónẹ́ẹ̀tì. Etí ihò pòórá. Ó wò ó lẹ́ẹ̀mẹta, ó yege lẹ́ẹ̀mẹta.

Àárọ̀ Ọjọ́rú, nígbà tó ń gbé ìbọn ọ̀dà, ìyàwó rẹ̀ wọlé láti wá kí orogún rẹ̀. Ó rí káàdì lórí bónẹ́ẹ̀tì, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ta ló já ewé lé ẹyẹ lọ́rùn?"

"Kí lo rí?"

"Káàdì yìí ni mo rí. Ó hàn ketekete bí abulẹ̀. Àbí èyí tí ẹ máa sọ nù ni?"

"Òun ni mo fẹ́ lò. Ó jinná."

"Ó jinná níbo?" Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. Ó wo ọkọ rẹ̀, ó wo ọkọ̀, ó sì jáde. Nígbà tó padà, òwú aláwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ fún mi ní àlùkò nínú wọn."

"Ọmọdé lo fẹ́ fi mí ṣe?"

"Ẹ ṣáà fún mi."

Ó mú ọ̀kan. Obìnrin náà gbà á, ó dì í mú.

"Dúdú lẹ fún mi."

Baba Káàdì rántí pé láti bí ọdún kan ni gílóòbù ṣọ́ọ̀bù òun ti ń tàn bàìbàì, tí òrùka iná sì ń yí i ká; ó ti pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ti bú ẹni tó tà á fún un. Kì í ṣe gílóòbù.

"Ojú yín ni," ni ìyàwó rẹ̀ wí jẹ́jẹ́. "Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lójú màámi nìyẹn. Awọ funfun kan ló bò ó. Dókítà sì ká a kúrò. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a jọ ń lọ sílé ìwòsàn ojú ni."

"Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọkọ̀ ti lọ." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ akísà. "Àwọ̀ yẹn. Ṣé kò ṣá?"

"Kò ṣá rárá. Ó ń dán yinrin. Mi ò ní òwú ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù."

Baba Káàdì sunkún díẹ̀ nígbà yẹn, kò sì fi pamọ́ fún un. Inú rẹ̀ dùn pé àwọ̀ náà ò tíì kú, ó sì dun ún pé ó wà níwájú òun láàyè tí òun ò rí i. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n pe awọnlẹ̀, kí wọ́n ní kó gbà pé dúdú ló kù.

"Ẹ má dán an wò!" ni aránṣọ wí. "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi gbọ́ ìròyìn ẹ̀ nínú ilé yìí. Ó wá dé tán, ẹ wá fẹ́ wọ aṣọ ọ̀fọ̀ fún un? Ẹ po ọ̀dà. Èmi á wò ó."

Bí wọ́n ṣe ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù aránṣọ fún ọjọ́ méjì nìyẹn.

"Ẹ fi aró díẹ̀ kún un."

"Báwo ni díẹ̀ ṣe pọ̀ tó?"

"Kó ṣáà tutù díẹ̀ sí i."

"Ọ̀dà ni, kì í ṣe ẹ̀kọ. Ẹ̀kán mélòó?"

"Èmi kọ́ ni akunkọ̀! Ẹ kán an, kí n máa wò ó, bó bá tó, mo máa pariwo."

Ó ń kán an, obìnrin náà ń wò ó. Káàdì kẹta pọ́n jù. Ìkẹjọ dà bí ara eṣinṣin, wọ́n sì jọ rẹ́rìn-ín débi pé alágbàṣe tó ń kọjá yọjú wò wọ́n. Ìkẹtàlá àti ìkẹrìnlá jọ yege láàárọ̀, wọ́n jọ yege lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n ìkẹtàlá parọ́ lábẹ́ gílóòbù. Baba Káàdì dà á nù láìjiyàn. Ìkẹrìnlá ni aránṣọ gbé lé bónẹ́ẹ̀tì nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, tó ń fi ìka wá etí ihò kiri nítorí pé ojú rẹ̀ ò rí i mọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Baba Káàdì fín ilẹ̀kùn náà ní ìpele mẹ́ta. Ìyẹn ò gba ojú púpọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ mọ ọ̀nà, kò sì gbọ̀n. Nígbà tí awọnlẹ̀ dé nírọ̀lẹ́, ó yí ọkọ̀ náà ká, ó ní, "Baba, èwo gan-an ni ilẹ̀kùn tuntun?" Kò sí ìyìn tó ju ìyẹn lọ nínú iṣẹ́ wọn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, oòrùn mú. Awọnlẹ̀ kó ẹrù rẹ̀ kékeré sẹ́yìn ìjókòó, ó ṣí ilẹ̀kùn fún Baba Káàdì.

"Ẹ wọlé, Baba, kí n gbé yín dé títì ńlá. Bàbá mi ì bá fẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Rárá, ọmọ mi. Ẹni tó bá wà nínú ẹ̀ kì í rí i. Ohun tí mo máa tọrọ lọ́wọ́ ẹ ni pé kó o wà á jẹ́jẹ́ dé ìsàlẹ̀ yẹn, kó o yípo padà, kó o kọjá níwájú wa lẹ́ẹ̀kan sí i kó o tó lọ."

Ó gbà. Ẹ́ńjìnnì bú, àwọn ọmọ inú ilé sá jáde. Baba Káàdì àti ìyàwó rẹ̀ dúró létí títì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó sì di ìgùnpá obìnrin náà mú.

"Báwo ló ṣe rí báyìí?"

"Ewé. Ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀."

"Ìyẹn ni mo rí. Báyìí ńkọ́?"

"Ó dé ibi tí oòrùn ti wá láti ẹ̀gbẹ́. Àlùkò ti ń wọlé láti iwájú, ó ń rìn bọ̀ sẹ́yìn."

"Ó ń rìn?"

"Ó ń rìn, bí omi. Ó ti ń yípo."

Baba Káàdì rí nǹkan aláwọ̀ ewé kan tó ń tóbi bọ̀, tí etí rẹ̀ ò dúró sójú kan. Ariwo ẹ́ńjìnnì sún mọ́ wọn, ooru rẹ̀ kọjá lára ẹsẹ̀ wọn, awọnlẹ̀ fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gba iwájú lọ.

"Ó ti kọjá," ni Baba Káàdì wí. "Kí ló dà? Ṣé aró ti yọ?"

Aránṣọ na ọrùn tẹ̀lé ọkọ̀ náà.

Baba Káàdì mi ìgùnpá rẹ̀. "Sọ̀rọ̀ o! Kí ló dà?"

"Ẹ dákẹ́ ná," ni ìyàwó rẹ̀ wí, láìyí ojú kúrò lójú títì. "Mò ń wò ó."