Ohun Tí Mo Sin Sẹ́yìnkùlé

Iṣẹ́ wolé-wolé ni mo ṣe ní Kabba láyé àwọn òyìnbó. Èmi ni mo máa ń yọjú sínú ìkòkò omi àwọn ìyàwó oníyàwó láti wá tanwíjí, èmi náà ni mo ń sọ fún baálé ilé ibi tó gbọ́dọ̀ gbẹ́ kòtò ìdọ̀tí sí. Àwọn ènìyàn kò fẹ́ràn mi, n kò sì bẹ̀ wọ́n. Ìyàwó mi nìkan ló ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bí mo bá ti wọlé, á kí mi ní ìkíni ilẹ̀ wa, á ní, "Wolé-wolé, okun o! Ẹ wá yẹ ìsàlẹ̀ ìkòkò ọbẹ̀ wò kí ẹ tó jẹun."

Òun fúnra rẹ̀ ló rí kókó náà nínú ọmú rẹ̀ òsì, nígbà tó ń já àbíkẹ́yìn wa lẹ́nu ọmú. Ó rò pé wàrà ló dì. Ó fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́, ó fi àdí pa á, kókó kò yọ́. Nígbà tí awọ ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í súnkì, mo mú un wọ mọ́tò akẹ́rù lọ sí ilé ìwòsàn àwọn míṣọ́nnárì lápá Yàgbà. Dókítà ní jẹjẹrẹ ni. Lónìí mo ń gbọ́ pé oògùn wà tí wọ́n ń fà sínú iṣan aláìsàn, tí irun á re, tí èébì á máa gbé e, ṣùgbọ́n tí ẹlòmíràn á tibẹ̀ yè. Nígbà tiwa, ọ̀bẹ nìkan ló wà. Dókítà ní òun á gé ọmú náà, kí a máa gbàdúrà pé kò tíì ràn lọ síbòmíràn.

Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ó di ọwọ́ mi mú. "Bàbá wọn, ohun tí wọ́n bá gé lára mi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ sí ààtàn òyìnbó. Ẹ gbé e lọ sílé." Nọ́ọ̀sì wò mí bí ẹni ń wo wèrè nígbà tí mo béèrè, ṣùgbọ́n ó fi aṣọ funfun wé e, mo sì gbé e sínú ìkòkò kékeré kan tó ní ìdérí. Ìyá ìyàwó mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyé, dúró ti ọmọ rẹ̀. Èmi wọ mọ́tò padà sí Kabba, ìkòkò lórí itan. Obìnrin oníṣòwò kan tó jókòó tì mí kí mi, ó ní, "Ṣé oyin ni?" Mo ní oyin ni. Ó ní kí n bu díẹ̀ tà fún òun. Ẹ̀rín pa mí, lẹ́yìn náà ni omi ń dà lójú mi, mo sì sọ fún un pé eruku ọ̀nà ni.

Mo sin ín sẹ́yìnkùlé, lẹ́bàá ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ní ilẹ̀ wa nígbà náà, ọkọ kì í sin ìyàwó rẹ̀. Obìnrin tó bá kú, àwọn ará ilé bàbá rẹ̀ ni yóò wá gbé e lọ sin sáàárín àwọn tirẹ̀. Odo-Ape ni ìyàwó mi ti wá. Nígbà tí a mú un dé láti ilé ìwòsàn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wá kí i, ó gbọ́ ohun tí mo ṣe, inú bí i. "Ta ló fún ọ láṣẹ? Ìwọ lo fẹ́ ẹ, àwa la ni ara rẹ̀." Ó ní kí n hú u, kí òun gbé e lọ sí Odo-Ape. Ìyé ló fi igbe bọnu. "Ẹ fẹ́ ṣí sàréè sílẹ̀ de ọmọ mi nígbà tó ṣì ń jẹun? Bí ẹ bá sin díẹ̀ lára rẹ̀ sáàárín àwọn òkú, á máa pe ìyókù!" Wọ́n fà á, wọ́n fà á, Ìyé ló parí rẹ̀: kí ó wà lọ́dọ̀ mi, lọ́jọ́ tí olúwa rẹ̀ bá ń relé, kí wọ́n kó méjèèjì lọ pọ̀. Gbogbo wa gbà. Ìyàwó mi pariwo láti inú yàrá, "Ẹ̀yin tí ẹ ń pín mi, ṣé ẹ mọ̀ pé mò ń gbọ́ yín?"

Ojú ọgbẹ́ jiná. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í hun aṣọ, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé apá òsì kò gòkè dáadáa mọ́. Ìgbà náà ni ọmú tí kò sí bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Mo bá a họ ojú àpá náà, ó ní rárá, kì í ṣe ibẹ̀, ọmú náà gan-an ló ń yún òun. Nígbà tó sú mi, mo ní, "Àbí kí n lọ bá ọ họ ọ́ lẹ́yìnkùlé?" Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ lọ."

Mo lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi ìka họ ilẹ̀ ibẹ̀. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lójú fèrèsé: "Ó tó. Ó ti rọlẹ̀." Gbogbo irun ara mi dìde. Èmi tí mo ń lọ káàkiri ìlú tí mò ń sọ pé ẹ̀gbin ló ń fa àìsàn, kì í ṣe àjẹ́! Síbẹ̀, láti ọjọ́ náà, iṣẹ́ mi ni. Bí mo bá ń wọṣọ kákí mi láti lọ síbi iṣẹ́, tí ó bá pè mí, mo máa ń yà sẹ́yìnkùlé kọ́kọ́, mo máa ń họ ilẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, adìẹ ń tan ilẹ̀ ibẹ̀, ìyàwó mi sì ké láti inú ilé pé kí ló ń gún òun láyà. Ó lè jẹ́ pé ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni. Mo lé adìẹ, mo pa á jẹ, mo sì yí òkúta ńlá kan lé ojú ibẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀lé e ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àyà òun wúwo. Mímí ń ni ín lára. "Ó dà bíi pé nǹkan jókòó lé mi láyà, Bàbá wọn." Mo sáré jáde, mo yí òkúta náà kúrò, èékánná mi méjì fà ya. Mo wọlé, mo bi í pé báwo ni. Ó wò mí pẹ̀lú àánú, nítorí ó ti rí mi lójú fèrèsé. Ó ní, "Ó ṣì wà níbẹ̀."

Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé àìsàn náà ti wọ inú lọ, pé kò sí ohun tí mo lè gbé kúrò lórí rẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù bà mí. Títí tó fi kú, èmi ni mo ń gbé e jókòó kí ó lè mí, ẹ̀yìn rẹ̀ sí àyà mi, ó sì fúyẹ́ bí ọmọdé.

Àwọn ará Odo-Ape dé láti gbé e. Wọ́n ti wé e tán kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó gba ọkọ́ lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn, ó ní, "Àna mi, okun. Fi ibẹ̀ hàn wá." Mo lọ dúró lórí ilẹ̀ náà. Mo ní wọn kò ní gbẹ́ ibẹ̀.

"A jọ ṣe àdéhùn ni," ó ní.

"Mo mọ̀," mo ní. "Ṣùgbọ́n bó bá ń yún un lọ́hùn-ún, èwo nínú yín ni yóò bá a họ ọ́?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dá ọkọ́ padà fún ẹni tó ni ín, wọ́n sì gbé ìyàwó mi lọ.