Ìyàwó Orí Àga

"Àǹtí Kúnmi, ta ló wọ ṣaworo nínú ilé yín?"

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí mo bi wọ́n. Orí àtẹ̀gùn tó sọ̀ kalẹ̀ sí bésímẹ́ǹtì ilé wa ní Laurelton, nílùú òyìnbó, la wà. Ibẹ̀ ni àwọn àti ọkọ wọn, Bọ̀dá Túbọ̀sún, háyà lọ́wọ́ àwọn òbí mi. Wọn ò tíì bímọ. Oyún méjì ti bàjẹ́ lára wọn, ẹ̀kẹta ló wà nínú wọn nígbà náà, a kì í sì í dárúkọ rẹ̀ sókè. Àǹtí Kúnmi wo ẹsẹ̀ mi, wọ́n wo ẹsẹ̀ ara wọn, wọ́n ní kí n gòkè lọ bá màmá mi.

Ó yà mí lẹ́nu, nítorí wọn kì í fi ìbéèrè sílẹ̀ láìdáhùn. Ẹlẹ́rìn-ín èèyàn ni wọ́n. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni wọ́n ń ṣe, bí màmá mi bá sì ní iṣẹ́ náà le, wọ́n á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn arúgbó tèmi ló ń tọ́jú mi. Ẹ ò rí i bí mo ṣe ń sanra?"

Arúgbó tí wọ́n ń tọ́jú lásìkò yẹn ni Màmá Hansa, opó kan tó jẹ́ ará Íńdíà, tó ń dá gbé ní Bellerose. Ọmọbìnrin wọn, Jigna, kú nígbà tí ìgbéyàwó rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i ni ìyá rẹ̀ ti ń ra wúrà ìyàwó pa mọ́ dè é, lọ́dọọdún, díẹ̀díẹ̀. Kò wọ ọ̀kan nínú wọn rí.

Ní Sátidé kan, wọ́n pe màmá mi síbi iṣẹ́ lójijì, ni Àǹtí Kúnmi bá mú mi dání lọ sí Bellerose. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Màmá Hansa gbé àpótí kan jáde. Àǹtí Kúnmi tẹ́ aṣọ ìyàwó funfun olétí pupa sórí àga kan lẹ́bàá fèrèsé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ wúrà fún àga náà. Wọ́n fi èyí tó máa ń sọ̀ sí iwájú orí ìyàwó kọ́ sókè ẹ̀yìn àga. Òrùka imú tẹ̀ lé e, ó fẹ̀ bí ẹnu ife. Wọ́n to ẹ̀gbà ọrùn lórí ara wọn. Wọ́n wá tẹ́ ti ọwọ́ sórí apá àga: ẹ̀gbà ọwọ́ kan, pẹ̀lú òrùka márùn-ún tí ẹ̀wọ̀n tín-ín-rín so mọ́ ọn, òrùka kan fún ìka kan.

"Má wò mí bẹ́ẹ̀," wọ́n sọ fún mi ní Yorùbá. "Bó ṣe ń dùn mọ́ wọn nìyí. Ta ló pa lára?"

Ohun tó kẹ́yìn nínú àpótí ni ti ẹsẹ̀. Fàdákà ni.

"Màmá, ṣé wúrà ti tán ni?" Àǹtí Kúnmi ń ṣàwàdà.

"Wúrà kì í kan ẹsẹ̀," Màmá Hansa dáhùn. "Òrìṣà ni lọ́dọ̀ wa. Ṣé ìwọ á máa fi òrìṣà tẹ ilẹ̀?"

Ni wọ́n bá gbọn fàdákà náà, ó sì dún. Ṣaworo kéékèèké ló yí i ká. Ẹ̀rín kú lẹ́nu Àǹtí Kúnmi, wọ́n gbé ọwọ́ lé ikùn. Lọ́dọ̀ tiwa, ìyàwó kọ́ ni wọ́n ń so ṣaworo mọ́ lẹ́sẹ̀. Àbíkú ni, ọmọ tó ń kú tó ń padà wá, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè gbọ́ ọ kí wọ́n sá.

Màmá Hansa bú sẹ́kún. Wọ́n ní, "Bí a bá ti wọ̀ ọ́ fún Jigna tán báyìí ló máa ń lọ."

Bóyá àánú ni, bóyá ẹ̀rù ni. Àǹtí Kúnmi kúnlẹ̀ níwájú àga náà, wọ́n to ṣaworo méjèèjì sílẹ̀, wọ́n sì sọ ohun tí a máa ń sọ fún àbíkú.

"Bánjókòó. Málọmọ́. Jọ̀ọ́, bá wa jókòó."

Ẹkún Màmá Hansa dá. Aṣọ orí àga rọra tẹ̀ wọlẹ̀ láàárín, bí ìgbà tí èèyàn bá jókòó. Lórí apá àga, òrùka márààrún ká jọ díẹ̀díẹ̀, bí ọwọ́ tó ń di nǹkan mú.

Nínú bọ́ọ̀sì, Àǹtí Kúnmi ní, "Àga yẹn ti gbó."

Màmá Hansa ò sunkún mọ́ láti ọjọ́ náà. Wọ́n kú kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Ọmọkùnrin kan tí wọ́n ní kó wúrà àti ṣaworo lọ tì mọ́ báńkì. Lẹ́yìn ìyẹn ni ṣaworo bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní bésímẹ́ǹtì wa. Á dún láti ìdí síńkì títí dé ẹnu ọ̀nà yàrá, á sì dákẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìgbà yẹn ni mo béèrè.

"Páìpù hítà ni," màmá mi sọ. "Túbọ̀sún, pe ẹni tó ń tún un ṣe."

"Ó ti wá, mà. Ó ní páìpù ò ṣe nǹkan kan."

Oyún náà dúró. Àǹtí Kúnmi bí obìnrin, wọ́n sọ ọ́ ní Olúwapẹ̀lúmi. Nígbà tó ń kọ́ ìrìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣófo, síbẹ̀ bó bá gbé e, a ó gbọ́ ṣaworo. Títí di òní, ẹ̀gbẹ́ kan ló máa ń jókòó sí lórí àga, bí ẹni tó fàyè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ní Àjíǹde tó kọjá, èmi àti Àǹtí Kúnmi ń fọ abọ́. Pẹ̀lúmi wà ní pálọ̀, òun nìkan, ó ń rẹ́rìn-ín. Ṣaworo dún. Àǹtí Kúnmi pa ẹ̀rọ omi.

"O bi mí nígbà kan pé ta ló wọ ṣaworo," wọ́n ní. "Jigna ni. Èmi ni mo ní kó jókòó, ó sì jókòó. Mo ti fẹ́ sọ fún un pé kó dìde, kó máa lọ. Ṣùgbọ́n mi ò mọ èwo nínú òun àti Pẹ̀lúmi ni yóò dìde."