Fulera àti Òróró Inú Kápúsù

Bí Fulera bá ní nǹkan ń rùn, má bá a jiyàn. Ọmọ Ìjàrà-Ìsin ni, àdín ni ìyá rẹ̀ ń ṣe tà, a sì jọ ń ṣiṣẹ́ nílé àyẹ̀wò oúnjẹ ní Òmù-Àrán.

Lóṣù tó kọjá, Ọládèjì, ará Ìjàrà tó ń gbé Èkó, kó páálí kápúsù òróró ẹja mẹ́wàá wá. Ó fẹ́ pín in fáwọn abiyamọ ìlú rẹ̀, ó wá ń wá ìwé pé ó dára. Mo bi í bóyá òun náà ń lò ó. Ó ní ara òun ò gbà á. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́! Ẹni tó máa dáni láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò.

Fulera fi abẹ gé ọ̀kan. Tùè! Òórùn ẹja tó ti rà gba gbogbo ilé. Mo sá síta.

Ó kán oògùn sí òróró náà, ó ń ṣọ́ àwọ̀ rẹ̀ títí ó fi rí iye ìbàjẹ́ inú rẹ̀. Mẹ́ta péré! Márùn-ún sì ni ààlà. Ọládèjì bú sẹ́rìn-ín, ó já ìwé èsì náà gbà.

"Ẹ fara balẹ̀, bọ̀ọ̀dá," Fulera ní. "Òróró tó bá ti bàjẹ́ jù, ohun tí àyẹ̀wò yìí ń wá nínú rẹ̀ ti fọ́ di nǹkan mìíràn. Àyẹ̀wò kejì ló ń rí ìyẹn mú."

Ó ṣe ìkejì. Ogún ni ààlà tirẹ̀; òróró yìí jẹ́ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Ọládèjì ní ìwé àkọ́kọ́ tó òun, ó tì í bọ àpò, ó lọ. Aláìnítìjú! Ọmọ ọlọ́mọ ló fẹ́ fi ẹ̀gbin bọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé tí Ọládèjì fẹ́ pín in, Fulera lọ bá òun àtàwọn abiyamọ ní Ìjàrà. Ó gé kápúsù márùn-ún sínú abọ́, ó ń gbé e kiri. Àwọn abiyamọ ń dímú, wọ́n ń tutọ́. Ọládèjì ń pariwo pé ìlara ni.

Abọ́ dé iwájú ìyá Ọládèjì, Ìyá Ṣàngóbùnmi. Màmá gbóòórùn rẹ̀, wọ́n tún un gbọ́, wọ́n wá wojú ọmọ wọn.

"Dèjì, ṣé èyí tí o ń fi ránṣẹ́ sí mi látọdún tó kọjá nìyí? Òórùn tó ń jáde bí mo bá gùnfẹ̀ lálaalẹ́ nìyí. Mo rò pé inú mi ló ń rà. Mo ti fi ibi tí ẹ máa sin mí sí han àbúrò rẹ."