Ọwọ́ Tó Ń Dá Orin Dúró

Ó Tó ni gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì ń pe onídírọ́ọ̀mù náà. Ìyá rẹ̀ nìkan ló ṣì ń fi orúkọ tó sọ ọ́ pè é. Ilẹ̀ wíwọ̀n ni ọmọ náà lọ kọ́ níbẹ̀. Àwọn mẹ́ta ló bá ní yàrá: onígìtá tó fẹ́ràn rẹ́gè, onídùùrù tí kò mọ̀ ju orin ìjọ lọ, àti afunfèrè tó ní bí kì í bá ṣe jáàsì, òun ò fun nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi jà lórí irú orin tí wọ́n máa kọ. Nígbà tí kò sẹ́ni tó gbà fún ẹnì kejì, kálukú dá tirẹ̀ lù lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ará yàrá kejì ní ó dùn. Àwọn tó ń lù ú kò tíì gbà bẹ́ẹ̀ títí dòní.

Wọ́n mọ bí orin ṣe ń bẹ̀rẹ̀, wọn ò mọ bó ṣe ń parí. Lọ́jọ́ kan, odidi wákàtí méjì ni wọ́n lò nídìí orin kan, torí onídùùrù dijú, kò sì là á. Wọ́n bá ṣòfin: kí onídùùrù máa lajú wò lóòrèkóòrè; bí onídírọ́ọ̀mù bá ti nawọ́ ọ̀tún sókè, ó tó nìyẹn.

Láàárín ọdún mẹ́ta, wọ́n ti yàrá dé gbọ̀ngàn ìjẹun, wọ́n sì tibẹ̀ dé orí rédíò. Ìyá onídírọ́ọ̀mù, tó jẹ́ aránṣọ, kò gbọ́ wọn rí. Ó kàn máa ń béèrè bóyá ìlù ni wọ́n fi ń wọn ilẹ̀ láyé òde òní. Ọ̀rọ̀ náà dun ọmọ dọ́kàn. Ó bẹ̀ ẹ́ kó wá gbọ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Bí kò bá dùn mọ́ ọn, òun á ta ìlù.

Lọ́sàn-án Sátidé, ní gbọ̀ngàn ìlú tí wọ́n ti ń ṣeré fáwọn èrò, ìyá pẹ́. Ọmọ kọ̀, kò jẹ́ kí orin parí. Wọ́n lù ú fún wákàtí kan gbáko, ètè afunfèrè wú. Ẹni tó fẹ́ jẹ oyin inú àpáta kì í wojú àáké. Níkẹyìn, ilẹ̀kùn ṣí, ìyá yọjú. Inú ọmọ dùn débi pé ó juwọ́ sí i.

Ọwọ́ ọ̀tún ni. Orin dákẹ́.

Àwọn èrò dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá dúró kí ariwo rọlẹ̀.

“Àtẹ́wọ́ yín dùn o,” ló wí. “Orin ńkọ́? Ẹ tún un lù.”

“Ẹ má bínú, mà,” ni onígìtá dáhùn. “A kì í lu nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀mejì. A ò tiẹ̀ rántí ẹ̀ mọ́.”

“Ẹ lu èyí tẹ́ ẹ bá rántí.”

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tẹjú mọ́ ìlù bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́, ẹ̀rù ò jẹ́ kó wojú ìyá rẹ̀. Kò pẹ́ tí onídùùrù fi lajú, tó rí ọwọ́ kan lókè. Kò béèrè pé ọwọ́ ta ni. Òfin ni òfin. Gbogbo wọn dúró.

Ọmọ gbójú sókè. Ìyá rẹ̀ ló wà láàárín gbọ̀ngàn, tó na ọwọ́ ọ̀tún sókè. Ọmọ ti ń ro ẹni tó máa ra ìlù náà.

“Kí ló dé tẹ́ ẹ dúró?” ni ìyá bi wọ́n. “Ijó ni mò ń jó.”