Ṣíbí Mẹ́ta Ní Sààrì

Ní Kambolé, bí ọkùnrin kan bá dé fìlà tuntun lọ kírun Jímọ̀, wo etí fìlà náà dáadáa. Bí ọnà ibẹ̀ bá kéré bí ẹyin èèrà, Jàríátù ló fi abẹ́rẹ́ ṣe é. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣe iṣẹ́ yìí. Ó máa ń sọ pé ojú ni Ọlọ́run fún òun dípò oko iṣu.

Nígbà tí ojú náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, wọ́n sọ fún un ní ilé ìwòsàn Tchamba pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Wọ́n fún un ní oògùn oníhóró, asipirín wà lára rẹ̀, ó sì ń lò ó. Ṣùgbọ́n ọjà Koussountou ló ti rí èyí tó gbà gbọ́: àgúnmu aáyù àti atalẹ̀, pẹ̀lú ewé kan tí Àyàndélé tó ń tà á kò dárúkọ.

"Ìyá onífìlà, á ṣí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ sí yín lójú."

"Ìwọ tó o wọ díńgí sójú ńkọ́? Kí ló dé tí o ò mu ún?"

"Bí mo bá mu ún tán, kí ni mo fẹ́ tà?"

Ṣíbí kan láàárọ̀, kan lọ́sàn-án, kan lálẹ́. Jàríátù ní ojú òun fúyẹ́.

Àwẹ̀ wá dé. Dáúdà, ọmọ rẹ̀, rán an létí pé Ọlọ́run yọ̀ǹda fún aláìsàn láti má gbààwẹ̀.

"Èmi, aláìsàn? Èmi tí mò ń parí fìlà méjì lọ́sẹ̀?"

Ó da ṣíbí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sínú ẹ̀kọ gbígbóná ní sààrì, ó gbé e mu. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ń ṣe sí oògùn lóṣù àwẹ̀. Kò sẹ́ni tó kà á sí nǹkan.

Ní ọjọ́ kejìlá àwẹ̀, ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, fìlà funfun lórí itan rẹ̀. Ó rí òwú dúdú kan lára fìlà náà. Ó fi ìka méjì já a, kò bọ́. Ó gbọn fìlà náà, òwú náà ń fì. Hàjàrá, ìyàwó Dáúdà, bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá, kò sí òwú níbẹ̀ o. Ebi ti ń pa yín."

"Ìyá ẹ ní Bago lebi ń pa."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, òwú náà ti di èéfín, èéfín náà sì pọ́n.

Jàríátù ní ẹ̀jẹ̀ búburú ni oògùn ń lé jáde. Ní sààrì ọjọ́ kejì, ó bu ṣíbí mẹ́rin.

Nígbà tí ojú òsì kò ríran mọ́ rárá, Dáúdà gbé e wọ ọkọ̀ alágbàdo lọ sí Sokodé. Wọn kò bá dókítà. Ọjọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ òṣèlú ni, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo tó wà nílùú, gbogbo òṣìṣẹ́ ti lọ pàtẹ́wọ́. Ta ló tó kó má lọ? Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi sùn ní àdúgbò Komah, tí Jàríátù ń fọwọ́ bo ojú tó dára, kó lè mọ̀ bóyá èkejì ti là.

Faransé ni dókítà ń sọ, Dáúdà ń túmọ̀ rẹ̀ bó ti mọ. Àwọn iṣan tín-ín-rín ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ojú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti sọ wọ́n di ẹlẹgẹ́, ọ̀kan ti bẹ́. Aáyù púpọ̀ pẹ̀lú asipirín kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dá.

"Bi í bóyá àgúnmu ló ṣe é."

"Ó ní òun ò lè búra, Ìyá. Àmọ́ kẹ́ ẹ má mu ún mọ́."

"Ojú òsì ńkọ́?"

"Ó ní ká máa retí."

"Ká retí kí ni?"

Dókítà ti ń pe ẹlòmíràn.

Jàríátù da àgúnmu nù sẹ́yìn ilé. Ojú ọ̀tún nìkan ló fi ń ṣiṣẹ́, fìlà kan lóṣù. Lẹ́yìn Iléyá, láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó pe Hàjàrá.

"Bá mi wò ó. Ṣé òwú dúdú wà lára fìlà yìí?"

Hàjàrá yí fìlà náà sí oòrùn, ó tún yí i padà. Ó funfun láú. Kò rẹ́rìn-ín.

"Sọ̀rọ̀, ìwọ ọmọ Bago."

"Ó wà níbẹ̀, Ìyá." Ó fi ìka méjì já afẹ́fẹ́. "Mo ti yọ ọ́."

Jàríátù gba fìlà náà, ó tẹ́ ẹ sórí itan. Òwú náà ṣì ń fì.